Ìbọn Lọ́wọ́ Ọ̀tún, Kámẹ́rà Lọ́wọ́ Òsì

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè ọ̀rọ̀ kan. Níbo lẹ ti kọ́kọ́ rí kìnnìún? Ẹ má sọ fún mi pé inú igbó ni o. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a dàgbà sí Ìbàdàn, Èkó, Abẹ́òkúta, inú ìwé la ti kọ́kọ́ rí i, tàbí lára kàlẹ́ńdà, tàbí lẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù níbi tí oníṣẹ́ ọ̀dà yà á sí, tó la ẹnu gbàgà. Èmi tí mò ń kọ èyí, inú ìwé kíkà kan ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti rí tèmi. Kìnnìún ọ̀hún dúró lójú ọ̀dàn, ó ń wò mí tààrà. N kò béèrè nígbà náà pé ta ló dúró níwájú ẹ̀ tó ya fọ́tò náà. Ọmọdé kì í béèrè irú ìyẹn. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó bi ara mi pé: ẹni tó ya kìnnìún yìí, kí ló wà lọ́wọ́ ẹ̀ kejì? Kí ni wọ́n sì so mọ́lẹ̀ níbẹ̀ tí kìnnìún fi wá?

Ìdáhùn ìbéèrè yẹn ló gbé mi dé ìlà oòrùn Áfíríkà, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Kẹ́ńyà àti Tàǹsáníà lónìí. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ní ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé wá mọ̀, ìyẹn sàfárì. Èdè Swahili ni, láti inú èdè Lárúbáwá ni wọ́n sì ti yá a. Ìrìn àjò lásán ló túmọ̀ sí. Bí o bá ń lọ kí àna rẹ ní ìlú kejì, sàfárì lò ń lọ yẹn. Àfi ìgbà tí àwọn òyìnbó gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ wọn lọ́wọ́ ló di ìrìn àjò ìpẹran, tí olówó kan á máa lọ níwájú pẹ̀lú ìbọn, tí ọ̀wọ́ aláàárù á sì tẹ̀ lé e pẹ̀lú ẹrù lórí.

Kí ọdún 1900 tó wọlé, kò rọrùn rárá láti ya fọ́tò ẹranko tó wà láàyè. Àpótí ni kámẹ́rà ìgbà náà. Àwọn tó fẹ́ àwòrán gidi kì í lo fíìmù tó ń ká. Gíláàsì pẹlẹbẹ tí wọ́n fi oògùn pa lára ni wọ́n ń lò, ẹyọ kan fún àwòrán kan. Ó wúwo, ó sì ń fọ́. Bí ẹranko bá yí orí pẹ́nrẹ́n, àwòrán ti bàjẹ́ nìyẹn. Ìdí nìyí tí òkú ẹran fi pọ̀ jù nínú fọ́tò ayé ìgbà yẹn. Erin á nà gbalaja sílẹ̀, òyìnbó á gbé ẹsẹ̀ lé e, ìbọn á wà léjìká ẹ̀. Òkú kì í yí orí.

Ẹni tó kọ́kọ́ rí ọgbọ́n òru dá sí ọ̀ràn yìí kì í ṣe ará Áfíríkà, kò sì ya ẹranko Áfíríkà. George Shiras lorúkọ ẹ̀, agbẹjọ́rò ará Amẹ́ríkà ni, ó tiẹ̀ ṣe ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn fún sáà kan. Ẹ mọ bí àwọn ọdẹ tiwa ṣe máa ń de àtùpà kábáàdì mọ́ iwájú orí lóru, tí ojú ẹran á máa tàn yanranyanran nínú iná, tí yóò sì dúró bí ẹni tí wọ́n dè mọ́lẹ̀. Àwọn Ojibwe, tí wọ́n jẹ́ onílẹ̀ ní apá àríwá Amẹ́ríkà, ní ọgbọ́n tó jọ ọ́: wọ́n á gbé iná sí iwájú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, wọ́n á wọ́ ọ lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lórí omi títí wọ́n á fi rí ojú àgbọ̀nrín. Shiras kọ́ ọgbọ́n náà. Nígbà tó yá, ó gbé ìbọn sílẹ̀, ó gbé kámẹ́rà síbẹ̀, ó wá fi ẹ̀tù tó ń bù yẹ̀rì ṣe ìmọ́lẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 1906, ìwé ìròyìn National Geographic tẹ 74 nínú àwọn fọ́tò ẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

Ṣùgbọ́n kí ìwé ìròyìn yẹn tó jáde, ará Jámánì kan ti dá irú àṣà bẹ́ẹ̀ sí ẹsẹ̀ òkè Kilimanjaro. Carl Georg Schillings ni wọ́n ń pè é. Àwọn Jámánì ló ń ṣàkóso ilẹ̀ náà nígbà yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Schillings lọ síbẹ̀ láàárín ọdún 1896 sí 1904. Ọdẹ ni nígbà tó kọ́kọ́ lọ. Nígbà tó yá, kámẹ́rà wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Ilé iṣẹ́ Goerz ní Berlin ló bá a ṣe irinṣẹ́ ẹ̀. Aláàárù tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló sì ń ru ẹrù tẹ̀ lé e: àgọ́, oúnjẹ, ìbọn, gíláàsì, àti ẹ̀tù iná náà. Ẹ fojú inú wò ó. Ẹnì kan ni wọ́n gbé àpótí gíláàsì lé lórí, tí wọ́n ní bó bá ṣubú, iṣẹ́ oṣù mẹ́ta ti fọ́. Ẹlòmíràn ru ẹ̀tù tó lè bú gbàmù nígbàkígbà. Fọ́tò wá jáde, orúkọ òyìnbó nìkan ló wà lábẹ́ ẹ̀.

Bí Schillings ṣe ń ṣe é nìyí. Yóò wá ibi tí kìnnìún ti máa ń mu omi. Yóò so kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan, tàbí màlúù, mọ́ ibẹ̀. Yóò gbé kámẹ́rà sínú ìgbẹ́ ẹlẹ́gùn-ún, yóò ta okùn tín-ínrín sójú ọ̀nà. Bí ilẹ̀ bá ṣú tán, tí ẹranko fi ẹsẹ̀ gbá okùn, ẹ̀tù á gbiná, kámẹ́rà á la ojú ká sì pa á dé, gbogbo ẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà mìíràn, òun fúnra ẹ̀ á wà nítòsí nínú ahéré ẹlẹ́gùn-ún, á máa gbọ́ mímí ẹranko. Ìkookò ni okùn máa ń mú lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe kìnnìún. Ṣùgbọ́n ó rí kìnnìún yà. Ìwé tó fi kó àwọn fọ́tò náà jọ, tí a lè pe orúkọ ẹ̀ ní "Pẹ̀lú Iná àti Ìbọn", jáde ní 1905, òkìkí ẹ̀ sì kàn káàkiri Yúróòpù. Wọn ò rí irú ẹ̀ rí: abo kìnnìún lóru, láàyè, tó ń bọ̀ wá bá ìjẹ.

Ìjẹ ọ̀hún ńkọ́? Ẹni tó bá fẹ́, kó pè é ní àwòrán kìnnìún. Èmi ò lè wò ó kí n má wo kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́.

Ohun tó yani lẹ́nu nípa ọkùnrin yìí ni pé ó ń pariwo pé àwọn ẹranko Áfíríkà máa tán pátápátá bí àwọn òyìnbó kò bá dẹ́kun pípa wọn. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n òun náà pa púpọ̀, ó kó awọ àti orí wọn lọ sílé, ó tiẹ̀ kó ọmọ àgbáǹréré kan lọ sí ọgbà ẹranko Berlin. Irú ọ̀rọ̀ báyìí la ó máa bá pàdé títí ìtàn yìí yóò fi parí: ẹni tó ń sunkún ẹran ni ẹran wà lẹ́nu ẹ̀.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló tún ọ̀rọ̀ náà dàrú. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń lò fún kí a yìnbọn àti kí a ya fọ́tò. Àwa ò ṣe bẹ́ẹ̀: ìbọn là ń yìn, fọ́tò là ń yà. Nítorí náà ó lè ṣòro fún wa láti mọ bó ṣe rí lọ́kàn àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Lójú tiwọn, iṣẹ́ kan náà ni méjèèjì. Ẹ wo Arthur Radclyffe Dugmore, tó lọ sí ilẹ̀ Kẹ́ńyà ní 1909. Ó dúró ti kámẹ́rà, àgbáǹréré kan sì yọ sí i, ó ń sáré bọ̀ gìrìgìrì. Dugmore ò sá. Ó dúró títí ẹranko náà fi ku ìwọ̀n yáàdì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí i, ó wá tẹ kámẹ́rà. Àfi gbàù! Ẹnì kejì ẹ̀ tó dúró ti ìbọn yìn ín, àgbáǹréré yà kúrò lọ́nà. Fọ́tò yẹn wà títí dòní. Ó dára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ìbọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kò sí fọ́tò, kò sì sí Dugmore.

Ní ọdún yẹn kan náà ni Theodore Roosevelt, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí ipò ààrẹ Amẹ́ríkà, gúnlẹ̀ sí Mombasa pẹ̀lú ọmọ ẹ̀ Kermit. Ọmọ yìí ni ayàwòrán wọn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe fọ́tò nìkan ni wọ́n yà: ẹranko 512 ni bàbá àti ọmọ pa kí wọ́n tó parí ìrìn àjò ní 1910. Wọ́n ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni wọ́n ń kó wọn lọ fún.

Ẹ wá gbọ́ ọ̀kan tó pa mí lẹ́rìn-ín. Oníṣòwò sinimá kan wà ní Chicago, William Selig. Ó mọ̀ pé gbogbo Amẹ́ríkà ló ń dúró de àwòrán Roosevelt láti Áfíríkà. Ta ló fẹ́ dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Ó ra arúgbó kìnnìún kan, ó wá òṣèré kan tó jọ Roosevelt, ó háyà àwọn ènìyàn dúdú Chicago pé kí wọ́n ṣe bí aláàárù Áfíríkà, ó ta igi díẹ̀ sínú ilé iṣẹ́ ẹ̀ kó lè dà bí igbó. Wọ́n yin arúgbó kìnnìún náà níbọn lójú kámẹ́rà, ó sì kú ní ti òótọ́. Sinimá ọ̀hún jáde ní 1909, èrò wọ́ tì í. Nígbà tí Cherry Kearton, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bá Roosevelt pàdé ní Áfíríkà gan-an, gbé tiẹ̀ jáde ní 1910, àwọn èrò ìwòran ní kò dùn tó. Kìnnìún kò bú ramúramù tó! Láti ìgbà yẹn ni òótọ́ ti ń jìyà lọ́wọ́ irọ́ nínú iṣẹ́ yìí.

Carl Akeley tún yàtọ̀. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó kun òkú ẹranko fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, kó dà bí ẹni pé ó wà láàyè. Nítorí pé kámẹ́rà sinimá ayé ìgbà yẹn kò ṣeé yí kíákíá tẹ̀ lé ẹran, ó jókòó, ó ṣe tiẹ̀, ó sì gba ìwé àṣẹ lé e lórí ní 1915. Ní 1921, ó gbé e lọ sí àwọn òkè oníná ní ilẹ̀ Kóńgò, ó sì fi ya ìnàkí ńlá tí wọ́n ń pè ní gòrílà nínú igbó wọn. Kò sí ẹni tó ya irú sinimá bẹ́ẹ̀ rí. Ní ìrìn àjò kan náà, ó kó òkú gòrílà lọ sí New York. Àánú wá ṣe é. Ó lọ bẹ ìjọba Bẹ́ljíọ̀mù pé kí wọ́n dáàbò bo ibẹ̀, wọ́n sì gbọ́: ní 1925 wọ́n ya igbó náà sọ́tọ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Akeley padà síbẹ̀, àìsàn dá a dúró lórí òkè Mikeno, ibẹ̀ ló kú sí, ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí.

Akeley yìí náà ló fún tọkọtaya kan nímọ̀ràn pé Áfíríkà ni kí wọ́n kọjú sí. Martin àti Osa Johnson ni wọ́n, ará Kansas. Nínú gbogbo àwọn tí mo ti ka ìtàn wọn, àwọn wọ̀nyí ló gbádùn jù. Ọkọ ló máa ń yí ọwọ́ kámẹ́rà, ìyàwó ló máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ pẹ̀lú ìbọn. Bí erin bá bínú, Osa ni yóò dá a dúró. Ẹ gbà mí, obìnrin kúkúrú báyìí ni o! Wọ́n kọ́kọ́ lọ ní 1921. Láti 1924 dé 1927, wọ́n lọ tẹ̀dó sí ẹ̀bá adágún kan lórí òkè Marsabit, ní àríwá Kẹ́ńyà. Wọ́n kọ́ ilé, wọ́n gbin ẹ̀fọ́, wọ́n ní yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fíìmù. George Eastman, ẹni tó dá ilé iṣẹ́ Kodak sílẹ̀, wà lára àwọn tó fi owó tì wọ́n lẹ́yìn, ó sì wá kí wọn ní 1926. Lóru, erin máa ń wá jẹ nínú oko Osa.

Ọ̀gbẹ́ni kan wà pẹ̀lú wọn tí wọ́n ń pè ní Boculy. Ọmọ ilẹ̀ ibẹ̀ ni, ẹsẹ̀ ẹran ló ń tọ̀. Bó bá wo koríko tí erin tẹ̀, á sọ iye tí wọ́n jẹ́, ìgbà tí wọ́n kọjá, àti ibi tí wọ́n forí lé. Tọkọtaya náà yìn ín gan-an nínú ìwé wọn, wọ́n ní àbúrò erin ni. Mo fi orúkọ ẹ̀ síbí nítorí pé ó ṣọ̀wọ́n. Nínú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn dúdú tó ru ẹrù, tó se oúnjẹ, tó tọ ẹsẹ̀ ẹran, tó ṣọ́ àgọ́ lóru kí àwọn fọ́tò wọ̀nyí tó ṣeé yà, díẹ̀ báyìí ni ìwé dá orúkọ wọn mọ̀.

Sinimá wọn "Simba" jáde ní 1928, ó pa owó gan-an. Ní 1933, wọ́n tún padà wá pẹ̀lú bàálù méjì tó lè balẹ̀ sórí omi. Wọ́n fi ọ̀dà kun ọ̀kan bí ara kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà, wọ́n kun èkejì bí ara àgùnfọn. Àwọn ló ya ọ̀wọ́ erin láti ojú òfuurufú, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tíì fojú kan bàálù. Martin jà bọ́ láàárín kìnnìún àti erin fún ọdún gbọọrọ, Amẹ́ríkà ni bàálù èrò ti já lulẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1937.

Bàálù abilà mìíràn tún wà nínú ìtàn yìí, òun náà ò sì bímọre. Bernhard Grzimek ni olórí ọgbà ẹranko Frankfurt ní Jámánì. Òun àti ọmọ ẹ̀ Michael fi bàálù ka ẹranko Serengeti lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n kà ju 300,000 lọ, wọ́n sì ń ya sinimá bí wọ́n ti ń kà á. Ní oṣù kìíní ọdún 1959, igún kan kọlu bàálù náà lójú ọ̀run, Michael sì kú, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Etí kòtò ńlá Ngorongoro ni wọ́n sin ín sí. Bàbá parí iṣẹ́ náà. "Serengeti Kò Gbọdọ̀ Kú" ni wọ́n pe sinimá ọ̀hún, ó sì gba ẹ̀bùn Oscar ní 1960.

Inú mi ìbá dùn láti fi ibẹ̀ sílẹ̀ báyẹn. Ṣùgbọ́n nínú Serengeti tí ayé rí nínú sinimá, ẹranko ló kún ibẹ̀. Àwọn Maasai ti ń da màlúù nínú ọ̀dàn náà tipẹ́ kí òyìnbó tó mọ orúkọ ẹ̀. Orúkọ ọ̀hún gan-an, èdè wọn ni wọ́n ní ó ti wá. Èrò Grzimek ni pé ènìyàn kankan kò gbọdọ̀ gbé inú igbó ìjọba, ìbáà ṣe onílẹ̀. Ní ọdún 1959 yẹn náà ni ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn Maasai kúrò nínú Serengeti lọ sí Ngorongoro. Fọ́tò ní agbára méjì: ó lè fi nǹkan hàn, ó sì lè gé e kúrò létí. Ẹni tí wọ́n bá gé kúrò létí fọ́tò, kò pẹ́ tí wọ́n fi ń gé e kúrò lórí ilẹ̀.

Síbẹ̀, èèyàn kò lè sọ pé kò ṣe rere kankan. Lórí òkè Marsabit kan náà tí Osa ti gbin ẹ̀fọ́, erin kan wà tí wọ́n ń pè ní Ahmed. Eyín ẹ̀ gùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́ nílẹ̀. Fọ́tò àti sinimá sọ ọ́ di gbajúmọ̀ káàkiri ayé, ẹ̀rù sì ń ba àwọn ènìyàn pé àwọn apẹran máa tìtorí eyín pa á. Ní 1970, Ààrẹ Jomo Kenyatta pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, wọ́n sì yan ẹ̀ṣọ́ tó ń tẹ̀ lé e tọ̀sán tòru. Erin tó ní ọlọ́pàá tirẹ̀! Ọjọ́ ogbó ló pa á ní 1974. Ní 1977, Kẹ́ńyà fòfin de ìpẹran fáàjì pátápátá. Bí ìbọn ṣe kúrò lọ́wọ́ àlejò nìyẹn, tó wá ku kámẹ́rà nìkan.

Àlejò nìkan ni òfin mú. Àwọn tó ń pa erin ní jíjí kò dúró. Ní 1973, erin Kẹ́ńyà tó nǹkan bí 167,000. Nígbà tó fi máa di 1989, wọ́n ti bọ́ sí nǹkan bí 16,000. Ní oṣù keje ọdún yẹn, Ààrẹ Moi kó tọ́ọ̀nù méjìlá eyín erin jọ nínú igbó ìjọba Nairobi, ó dáná sun ún. Àwọn ayàwòrán ló pè kí wọ́n wá wò ó. Fọ́tò iná yẹn dé gbogbo ayé, kí ọdún náà tó parí àwọn orílẹ̀-èdè ti fi òfin de òwò eyín erin láti ilẹ̀ dé ilẹ̀.

Lónìí, bí o bá dé Maasai Mara, ọkọ̀ tí òrùlé ẹ̀ ṣí ni wọ́n á fi gbé ọ. Bí awakọ̀ kan bá rí chítà, ẹranko tó jọ ẹkùn tí eré ẹ̀ kò láfiwé, á fi rédíò pe àwọn yòókù, ọkọ̀ ogún á yí i ká. Oníkálùkù á na fóònù síta. Chítà tó fẹ́ ṣọdẹ fún ọmọ ẹ̀ kò ní ráyè. Àwọn tó ṣèwádìí níbẹ̀ rí i pé níbi tí ọkọ̀ àlejò ti pọ̀ jù, ọmọ chítà tó ń dàgbà kò pọ̀ tó ti ibòmíràn. Àwọn olùtọ́jú àgbáǹréré sì ń bẹ àlejò pé kí wọ́n pa ohun tó ń sọ ibi tí èèyàn wà lórí fóònù wọn, kí olè má baà fi fọ́tò wọn mọ ibi tí ẹranko náà ń jẹ̀.

Nílé wa ńkọ́? Kìnnìún Nàìjíríà tó ṣẹ́kù kò tó àádọ́ta. Yankari ní Bauchi, tí wọ́n ṣí fún àlejò ní 1962, àti igbó adágún Kainji ní apá Borgú ni wọ́n wà. Borgú ò jìnnà sí àwọn ará Kìṣí àti Ìgbòho. Lójú ọ̀nà Pendjari ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ àti àwọn igbó tó bá a pààlà ni ọ̀pọ̀ jùlọ kìnnìún tó kù ní gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà wà. Àlejò kì í sábà rí wọn. Kámẹ́rà tí wọ́n so mọ́ igi ló ń rí wọn. Kò sí òyìnbó lẹ́yìn ẹ̀, kò sí ìbọn, wọn kò so kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ mọ́ nǹkan kan. Kò tilẹ̀ nílò okùn bíi ti Schillings: bí ẹranko bá kọjá níwájú ẹ̀, ooru ara ẹ̀ ló ń jí kámẹ́rà. Ẹ̀tù kò bú, iná tí ojú ẹ̀dá kò rí ló ń tàn. Ní òwúrọ̀, ẹ̀ṣọ́ igbó á wá yọ káàdì inú ẹ̀, á wò ó: ẹfọ̀n, ọ̀bọ, ìkookò, darandaran pẹ̀lú màlúù ẹ̀, apẹran kan tó gbé ìbọn, ewé tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Ní ọjọ́ mìíràn, lójú ọ̀nà tóóró kan, ní aago mẹ́ta òru, ẹ̀yìn kìnnìún kan tó ń bá tiẹ̀ lọ.